Ọmọ Tí A Pè Tí Kò Dáhùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn òbí kan wà tí wọn kì í mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn wá sí ìpàdé tàbí ibi ìsọmọlórúkọ, nítorí wọn kò mọ èsì tí wọn yóò fún ẹni tí ó bá béèrè pé, "Kí ló ṣe ọmọ yìí?"

Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rìn lásìkò, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í bojú wẹ̀yìn. Kì í fẹ́ wo ojú ẹni. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò ní nàka sí omi. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni yóò fà lọ sí ìdí ìkòkò. Ó lè to ìdérí ìgò sí ìlà láti àárọ̀ di ọ̀sán, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ẹkún dé. Òmíràn a máa sọ ọ̀rọ̀ tí a bá a sọ padà bí ayékòótọ́. Òmíràn a máa fi ọwọ́ di etí, a sì máa ké, bí ó bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta tàbí ìlù. Ohun tí àwọn dókítà ń pe èyí ni ọ́tísíìmù.

Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àbíkú, kì í sì í ṣe ìwà ìpáǹle. Bí ọpọlọ ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò rí bákan náà lára gbogbo wọn: àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ rárá, àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kàwé, ṣùgbọ́n bíbá ènìyàn ṣe pọ̀ ni ó ń ṣòro fún wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2021, nínú ènìyàn 127, ọ̀kan ní i. Àwọn ọmọkùnrin ni a sì ń rí i lára wọn jù.

Dókítà Leo Kanner, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní ọdún 1943 nípa ọmọ 11 tí ó rí báyìí, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni Donald Triplett, ọmọ ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní ọdún 1937, àwọn òbí rẹ̀ gba ìmọ̀ràn, wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú kan tí ó jìnnà sí ilé. Ọkàn wọn kò gbà á. Ní ọdún kejì wọ́n lọ mú un padà. Lẹ́yìn náà ó gbé lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó fẹ́ràn kí ó máa ka nǹkan. Wọn kò nà án nítorí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó máa ka poro àgbàdo bí ó ti ń fi ẹṣin túlẹ̀. Donald yìí jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1958, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 2023 ní ẹni ọdún 89. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí àgbẹ̀ náà ṣe: ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ta ni ó fà á? Ìbéèrè yìí ti tú ilé ká. Àwọn ẹbí ọkọ a ní ìyàwó ni, ìyàwó a ní ayé ni. Àwọn òyìnbó pàápàá ṣe irú rẹ̀. Bruno Bettelheim kọ ìwé ní ọdún 1967, ó di ẹ̀bi ru àwọn òbí, pàápàá ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti kọ̀wé ní ọdún 1964 pé ẹ̀dá ara ni ó ti wá. Ní ọdún 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter yẹ ìbejì 21 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa Yorùbá mọ ìbejì dáadáa: àwọn kan jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wọ́n mú, àwọn kan kò jọra rárá. Nínú ìbejì 11 tí ó jẹ́ irú kan náà, 4 ni Táyé àti Kẹ́hìndé jọ ní i. Nínú 10 tí kì í ṣe irú kan náà, kò sí ibi tí àwọn méjèèjì ti ní i. Bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ìyá ni ó fà á, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bí mọ́ ọmọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́. Andrew Wakefield ni ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde ní ọdún 1998. Ní ọdún 2010 ìwé ìṣègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kan àwa tí a wà ní òkè ọya. Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá nínú ilé, Hausa ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, ni ó dí ọmọ lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè púpọ̀ kì í fa ọ́tísíìmù. Kí ìyá má ṣe tìtorí rẹ̀ pa Yorùbá tì, nítorí èdè tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dán mọ́rán sí i lẹ́nu ni kí ó fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí ni kí a ṣe? Bí ọmọ bá lé ní ọdún kan dáadáa tí kò nàka sí nǹkan, tàbí tí ó pé oṣù 18 láìní ọ̀rọ̀ kan, tàbí tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó sì dákẹ́, ẹ má ṣe wí pé, "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀." Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos, tí a ń pè ní JUTH, wà nítòsí wa. Yunifásítì náà, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977, ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú àwọn ọmọ báyìí. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí èyí. Ẹ̀kọ́ ni ó ń ràn án lọ́wọ́, bí ó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, ó sàn jù.

Nínú ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kí ẹ sọ: "Omi. Gba omi." Ẹ jẹ́ kí ètò ọjọ́ rẹ̀ máa lọ bákan náà, bí nǹkan yóò bá sì yí padà, ẹ ti sọ fún un ṣáájú. Ẹ yìn ín bí ó bá gbìyànjú. Ẹ gbàdúrà, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni nà án, dè é mọ́lẹ̀, tàbí fi ebi pa á ní orúkọ àdúrà. Ẹ má sì dá a padà sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà nítorí kí ojú má baà rí i. Ìpínlẹ̀ Plateau ti ṣe òfin lórí àwọn aláìlera láti ọdún 2005. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin yẹn kò gbà kí a yẹra fún ẹnikẹ́ni nítorí àìlera rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ojú ewé ìròyìn ẹbí wa ń gba ìròyìn ìbímọ, ìgbéyàwó àti ìdánwò tí a yege. Bí ọmọ kan bá pé ọdún mẹ́fà kí ó tó pe ìyá rẹ̀ ní "Màámi" fún ìgbà àkọ́kọ́, ìròyìn ayọ̀ ni èyí náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. A óò bá yín yọ̀.