Bí Wọ́n Bá Ní Kí Àlejò Máa Lọ

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé ni òwe náà ń bá wí: ẹni tí ó ta ọjà rẹ̀ tán, tí ó gba gbèsè rẹ̀, tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó sì dágbére fún aládùúgbò. Ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ 14 péré pé kí ó kó ọmọ àti ẹrù kúrò ní ìlú tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ńkọ́? Orúkọ wo ni à ń pè é? Òfin wo ni ó lè gbà á sílẹ̀? Àti pé, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn yín?

Ó kàn yín gidigidi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ yín, tàbí lọ́wọ́ àwọn àgbà inú agboolé, kò ní pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ orúkọ Gánà. Ìtàn tí wọn yóò sọ fún yín kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo obìnrin tí ó ní ọmọ lẹ́yìn tí ó sì ní àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

ÀWỌN ARÁ WA NÍ GÁNÀ

Kí Gánà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1957, Gold Coast ni orúkọ rẹ̀, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà náà ti wà. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń rin ìrìn àjò lọ síbẹ̀, láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Èjìgbò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kùmásì ní ọdún 1903, tí owó kòkó àti ti wúrà sì ń yí káàkiri, ọ̀nà ọjà là. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wà ní Ákrà, ní Kùmásì, ní Tàmálè, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà láàárín wọn.

Obìnrin pọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Aṣọ, òwú, ọṣẹ, abọ́ àti oríṣiríṣi wórobo ni wọ́n ń tà. Àwọn onílé ń pè wọ́n ní Aláta, tàbí Ànàgó, tàbí ará Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ojú kan Èkó rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sin òkú wọn. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè gbọ́ èdè Twi tàbí Haúsá já gaara, kí Yorùbá rẹ̀ sì máa ta kókó.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí ó fi hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n jí wọ ìlú. Nígbà tí wọ́n lọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń jẹ lórí ìlú méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìwé. Ìlú méjèèjì gba òmìnira, ààlà ilẹ̀ di ohun ńlá, àwọn kò sì mọ̀ pé àwọn ti di àjèjì ní ojú kan náà tí àwọn jókòó sí.

ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia gorí oyè ní Gánà. Gbèsè wọ ìlú náà lọ́rùn, iṣẹ́ sì wọ́n. Àwọn ènìyàn ń kùn pé àjèjì ni ó gba ọjà lọ́wọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé wá a láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀.

Ẹ fi ara yín sí ipò obìnrin tí ó ní ìsọ̀ lọ́jà Tàmálè nígbà náà. Ó ti ta ọjà àwìn fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ta ni yóò san gbèsè fún ẹni tí ó mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀? Ọjà tí ó kù nílẹ̀, ẹni tí yóò rà á mọ̀ pé dandan ni kí ó tà á, nítorí náà iye tí ó bá wù ú ni yóò dá lé e. Ilé tí ó kọ́ kò ṣeé dì mọ́ ẹrù. Bí ó bá ní oyún, tàbí ọmọ ọwọ́, ojú títì ni yóò gbà, nínú lọ́rì, kí ó la Tógò àti Dàhòmì, tí ó ti di Bẹ̀nẹ̀ báyìí, kọjá kí ó tó kan Nàìjíríà. Nàìjíríà tí ó ń bọ̀ wá bá náà ń jagun lọ́wọ́: ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 kò tíì parí.

Agboolé ni ó gba púpọ̀ nínú wọn. Yàrá tí ènìyàn mẹ́ta ń sùn sí di ti ènìyàn mẹ́jọ. Obìnrin tí ó jẹ́ ìyá ọlọ́jà ní Kùmásì wá di ẹni tí ń tọrọ ààyè ìdáná lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Ọmọ tí ó gbọ́n jùlọ ní kíláàsì rẹ̀ lọ́hùn-ún di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

IHÒ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÒFIN

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé oṣù méjì ó lé díẹ̀ ṣáájú àṣẹ Busia, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Addis Ababa, wọ́n sì ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ ogunléndé. Àdéhùn náà dára púpọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹni tí ìjọba ń ṣe inúnibíni sí nìkan ni ogunléndé. Ẹni tí ogun tàbí rúkèrúdò ńlá lé kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ó sì ní kí a má ṣe dá ẹni bẹ́ẹ̀ padà sí ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà wa ní Tàmálè kò sá kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lé e lọ. Nítorí náà òfin kò ní orúkọ tí yóò pè é. Kì í ṣe ogunléndé, kì í ṣe ọmọ onílé, àlejò tí ọjọ́ rẹ̀ pé ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá Gánà nìkan lẹ́bi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 1975, wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó níbí. Ní ọdún 1979, àwọn ìlú inú rẹ̀ fi ẹnu kò pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà nígbà náà, àwọn ará Gánà sì wọlé wá bí omi. Wọ́n ń ṣe tíṣà, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń tún bàtà ṣe, wọ́n ń bá wa tọ́jú ọmọ. Nígbà tí owó epo wálẹ̀, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Iye ọjọ́ tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn? Ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún 13 àti oṣù méjì péré ni ó wà láàárín àṣẹ tiwọn àti àṣẹ tiwa.

Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 1982, nítorí náà àwọn ènìyàn há sí ojú ọ̀nà, tìyá tọmọ, títí Gánà fi ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní. Àpò ọ̀rá onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ni àwa ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Ó wà nílé ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wa sì ti gbàgbé ohun tí orúkọ náà ń sọ. Ní ọdún 1985, a tún lé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a fi ń di ihò inú òfin. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1981 tí ó sì di òfin ní 1986, sọ ní abala 12 pé a kò gbọdọ̀ lé àjèjì ní agbo-agbo nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn tàbí ìlú wọn. Ní ọdún 1986 kan náà, àdéhùn ECOWAS lórí ìgbé ìlú kọ irú ìléjáde bẹ́ẹ̀. Ìjọba lè ní kí ẹnì kan kúrò, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹni náà ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹjọ́ gbogbo ìran rẹ̀.

OGUNLÉNDÉ INÚ ILÉ

Ihò kan tún kù: ẹni tí a lé kúrò nílé ṣùgbọ́n tí kò kọjá ààlà ilẹ̀ rẹ̀. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà sì ti súnmọ́ wa: ní ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu àwọn abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Pàtégi ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, àwọn ènìyàn sì sá fi oko àti ilé sílẹ̀. Ní àgbáyé, ilé iṣẹ́ UNHCR kà á pé ní òpin ọdún 2024, mílíọ̀nù 123.2 ènìyàn ni a ti fi ipá lé kúrò nílé, mílíọ̀nù 73.5 nínú wọn ni ó ṣì wà nínú ìlú ara wọn.

Àdéhùn Kampala, ti ọdún 2009, ni ó dá lórí irú àwọn wọ̀nyí. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2012. Ó ní ojúṣe ìjọba ni láti dáàbò bò wọ́n, láti bọ́ wọn, àti láti fún wọn ní ìwé mìíràn dípò èyí tí ó sọnù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin obìnrin: àdéhùn náà sọ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ bí ọkùnrin láti gba ìwé ìdánimọ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí orúkọ rẹ̀ sùn sí abẹ́ orúkọ ọkọ.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Láti Tàmálè dé Pàtégi, ohun kan náà ni òfin kọ́kọ́ ń béèrè: ta ni ọ́, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wà nílé kí ìbéèrè tó dé.

Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn, NPC, ní kété tí ẹ bá bí i, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò wọ ilé ìwé.

Ẹ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ẹ̀yin gan-an, ní orúkọ yín. Ẹ kó ìwé ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé àti ìwé ilẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan tí omi kò lè wọ̀, kí ọwọ́ lè tètè tó o. Ẹ fi ẹ̀dà wọn pamọ́ sọ́dọ̀ ẹbí tí ó wà ní ìlú mìíràn, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sínú fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kùtọnu, Lómè àti Ákrà, ẹ má fi ojú pọ̀nà kọjá ẹnubodè. Ẹ gba ìwé ìrìnnà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ sì ka ọjọ́. Bí yóò bá ju 90 ọjọ́ lọ, ẹ wá ìwé àṣẹ ìgbé.

Ẹ kọ́ ọmọ yín ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ agboolé rẹ̀, àti ìlú rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣìnà nínú ìdààmú, ìwọ̀nba ohun tí ó bá mọ̀ lórí ni yóò mú un padà bọ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó le jù. Bí ogunléndé bá dé àdúgbò yín, kí ẹ má kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí yóò lọ. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ẹ bá a wá ilé ìwé fún ọmọ náà, ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ tiyín kí ó má fi ohùn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Ìlọrin gan-an, ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Kànúrí ti wá pàdé ni. Bí a bá tọ ìdílé dé ìpìlẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni ó ní baba ńlá tí ó fìgbà kan jẹ́ àlejò níbí.

Òfin tí a kọ sí Addis Ababa àti Kampala kò lè fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún abiyamọ tí òjò ń pa. Ẹni tí ó wà nínú ilé ni yóò ṣí i, ẹ̀yin sì ni ẹ wà nínú ilé.