Àdéhùn Àwọn Orílẹ̀-èdè Níwájú Adájọ́ Ilé

Bí wọ́n bá ti ará Ilé-Ogbó mọ́lé láìtọ́, ǹjẹ́ ó lè gbé àdéhùn tí ìjọba rẹ̀ bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe lọ síwájú adájọ́? Ní Nàìjíríà, àdéhùn kò lágbára òfin àfi bí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní ọdún 1983.

Ẹjọ́ agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú un ní Èkó láìfi ìwé àṣẹ hàn án. Òfin ológun sì ti ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún kóòtù. Ní ọdún 2000, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣàlàyé pé bí òfin tí ó gbé àdéhùn náà wọlé bá takora pẹ̀lú òfin ilé mìíràn, ti àdéhùn ni yóò lékè. Nítorí a kò gbọdọ̀ rò pé aṣòfin ní in lọ́kàn láti da májẹ̀mú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò ga ju òfin-ìpìlẹ̀ lọ, aṣòfin sì lè fagi lé e. Nítorí náà, ojú tí adájọ́ fi ń ka òfin ni ààbò ẹni tí a tì mọ́lé wà: bí aṣòfin kò bá sọ ọ́ gbangba pé òun yẹ àdéhùn, kí adájọ́ má ṣe bá a yẹ̀ ẹ́.