Ọrùn Dídùn, àti Bí A Ti Ń Fi Ọwọ́ Tọ́jú Rẹ̀

Orí ènìyàn kì í ṣe ẹrù kékeré. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 5, eegun wẹ́wẹ́ 7 tí ó jókòó lé ara wọn nínú ọrùn ni ó sì ń gbé e tọ̀sán-tòru. Bí a bá wá gbé agbọ̀n iṣu lé e, tàbí bí àgbẹ̀ bá tẹrí ba lórí ọkọ́ láti òwúrọ̀ di ọjọ́rọ̀, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu bí ọrùn bá gan ní ọjọ́ kejì. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀tá rán síni. Iṣan ni ó le, tàbí oríkèé ni kò lọ geere mọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà fi ọwọ́ tọ́jú rẹ̀. Èkíní ni wíwọ́, tí àwọn ìyá àgbà ti mọ̀ tipẹ́: a fi òrí pa ọwọ́, a sì wọ́ iṣan láti ìdí ọrùn lọ sí èjìká. Òrí náà kì í ṣe oògùn níhìn-ín. Kí ọwọ́ lè yọ̀ lára ni a ṣe ń fi í sí i. Èkejì ni pé kí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà máa rọra ti oríkèé kọ̀ọ̀kan síwá-sẹ́yìn, títí yóò fi tú. Ẹ̀kẹta ni kí ó já ọrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó dún “kò!” Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eegun tí ó yẹ̀ ni ó padà sí àyè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ṣí àyè nínú omi tí ń bẹ nínú oríkèé. D. D. Palmer, tí ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Davenport ní Amẹ́ríkà ní 1895, kọ́ni pé eegun tí ó yẹ̀ ni orísun èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn, ṣùgbọ́n ìwádìí kò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ìtura ọ̀nà kejì àti ti ẹ̀kẹta jọra. Ewu wọn ni kò dọ́gba. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ń gba inú ihò eegun ọrùn lọ sí ọpọlọ. Bí a bá já ọrùn lójijì, ọ̀kan nínú wọn lè ya, kí ẹ̀gbà sì kọlu ẹni náà. Ó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn ń wá nínú ewu nígbà tí ọ̀nà tí ó rọrùn wà?

Ìtọ́jú ọwọ́ nìkan kì í sì pẹ́ lára. Kí aláìsàn máa yí orí sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó má sì ṣe dùbúlẹ̀ sójú kan.

Bí ọrùn bá gan pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, ó lè jẹ́ yírùnyírùn, tí í pani kánkán. Bí ọwọ́ bá ń rọ, tàbí tí ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ti ẹni tí ó já láti orí ọ̀pẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ́ ọrùn rẹ̀ rárá. Pákó pẹrẹsẹ ni kí a fi gbé e, kí ẹnì kan sì di orí rẹ̀ mú kí ó má baà yí, títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.