Ìwé Ẹ̀rí Orírun Ọjà

Ní ayé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu bodè àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá láti gba owó lọ́wọ́ èrò tí ó bá ru ẹrù kọjá. Lóde òní, ìjọba orílẹ̀-èdè ni ó ń gba owó bodè, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì ni oníbodè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó, wọ́n sì dá àjọ ECOWAS sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè 12 ni ó ṣẹ́ kù nínú àjọ náà láti ọdún 2025. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn máa kọjá láìsan owó bodè. Ní ọdún 1990, wọ́n fi ọjà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún un.

Ṣùgbọ́n aṣọ kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ibi tí a ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò nìkan ni a ó gbà gbọ́, aṣọ tí ó ti Ṣáínà gúnlẹ̀ sí èbúté Kùtọnú yóò dé Sèmè bí ẹni pé ọmọ bíbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni. Owó yóò bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ọjà àwọn aláṣọ ilé yóò sì kùtà. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí orírun.

Iṣu, àgbàdo, ewúrẹ́ àti aṣọ òfì tí a fi ọwọ́ hun kò nílò ìwé yìí rárá. Ó yẹ kí àwọn ìyá alágbàdo mọ èyí, nítorí ẹni tí kò mọ òfin ni a ń fi ìwé tí òfin kò béèrè dá dúró lójú ọ̀nà.

Ti ọjà ilé iṣẹ́ ni ó ṣòro. Bí ohun èlò tí a rà láti òkè òkun bá ti di ọjà ọ̀tọ̀ nínú ìwé owó bodè, ọjà náà lè yege. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó ṣírò ohun tí iṣẹ́ ilé fi kún iye rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín ní 30 nínú 100. Kí a sọ pé ilé iṣẹ́ kan ń tẹ àwòrán sí aṣọ funfun, tí ó sì ń ta ìdì kan ní ₦1,000 kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Bí aṣọ funfun àti aró tí ó ti òkè òkun wá bá jẹ́ ₦650, ₦350 ni ó kù, èyí sì jẹ́ 35 nínú 100: ọmọ ilé ni. Bí wọ́n bá jẹ́ ₦750, 25 péré ni ó kù, aṣọ náà sì di àlejò. Ẹni tí ó kàn tú ọjà òkèèrè sínú páálí tuntun, tí ó sì lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣe nǹkan kan lójú òfin yìí.

Ilé iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí fún ara rẹ̀ àti fún ọjà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ìjọba ibi tí a ti ṣe ọjà náà yàn fún iṣẹ́ yìí yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, tí a kọ irú ọjà náà àti iye rẹ̀ sí. Ìwé náà gbọ́dọ̀ bá ẹrù rìn. Bí awakọ̀ bá gbàgbé rẹ̀ sí Ìkẹjà, a lè gba owó bodè lórí aṣọ tí a tẹ̀ ní Ìkẹjà gan-an bí èyí tí ó ti Ṣáínà wá.