Ẹ̀rù tó wà láyà ẹlẹ́ṣin, ẹṣin ti mọ̀ ọ́n! Ohun tó yẹ kí ará Agbówà tó ń lọ sí Ojúde Ọba gbọ́

Kò sí bí ẹni tó jókòó sórí ẹṣin ṣe lè dijú mọ́rí tó, kó gẹ fìlà, kó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kó máa rẹ́rìn-ín sí àwọn oníkámẹ́rà, bí àyà rẹ̀ bá ń já, ẹnì kan wà tí kò lè rí tàn jẹ. Ẹni náà ò sì jìnnà, abẹ́ ìdí rẹ̀ ló wà. Ẹṣin ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Agbówà-Ìkòsì gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú omi ni tiwọn. Ní gbogbo agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú yẹn, ọ̀sà ni ọ̀nà àwọn baba ńlá wọn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń ná ọjà Ẹ̀jìnrìn láyé ọjọ́un. Ẹṣin kì í ṣe tiwọn. Igbó ibẹ̀ di, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tó sì ń kó àrùn tó ń pa ẹṣin, kún inú rẹ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn ló ráyè fi ẹṣin jagun. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ò jìnnà sí Agbówà, bí Iléyá bá sì ti di ọjọ́ kẹta, Ojúde Ọba ni gbogbo ojú ń wò. Ibẹ̀ ni àwọn ìdílé Balógun, bíi ti Balógun Kúkù, ti ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, tìlù-tìbọn. Ẹni tó jẹ́ pé dáńfó tàbí ọkọ̀ ojú omi ni ara rẹ̀ mọ̀ láti ọdún dé ọdún lè wá bá ara rẹ̀ lórí ẹṣin lọ́jọ́ náà.

Wàhálà dé nìyẹn o. Ọkọ̀ ojú omi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń ba ẹni tó wà nínú rẹ̀. Dáńfó ò mọ̀. Ẹṣin mọ̀.

Ẹ má pè é ní oògùn tàbí àǹjọ̀nú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ẹṣin, ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni. Ìfura àti eré sísá ló fi ń gba ara rẹ̀ là. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán láìyí ọrùn, àfi iwájú orí rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. (Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ta ẹni tó bá yọ́ gba ẹ̀yìn bọ̀ nípàá.) Eṣinṣin kan ṣoṣo tó bà lé e lára, ó mọ̀. Báwo ni kò ṣe ní í mọ̀ pé itan ẹni tó gun òun ti le gbagidi, pé èémí onítọ̀hún ti ń sáré, pé ọwọ́ tó fi di ìjánu mú ń gbọ̀n? Lójú tirẹ̀, bí ẹni tó wà lórí òun bá ń gbọ̀n, á jẹ́ pé ohun burúkú kan wà nítòsí tí ẹni yẹn ti rí, tóun ò tíì rí. Eré ló kù.

Àwọn òyìnbó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní 1904, gbogbo ìlú ń pariwo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Hans, wọ́n ní ó mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á fi pátákò lu ilẹ̀ títí yóò fi pé iye tó yẹ. Oskar Pfungst ló wá yẹ ẹ́ wò fínnífínní, tó rí i pé bí ẹni tó ń béèrè fúnra rẹ̀ ò bá mọ ìdáhùn, Hans náà ò mọ̀ ọ́n. Àṣé kò mọ ìṣirò kankan. Ara ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò: bí iye náà bá ti pé, onítọ̀hún á mi orí díẹ̀ láìmọ̀, Hans á sì dúró.

Ti Sweden ló wá dùn jù. Linda Keeling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Wọ́n ní kí àwọn kan gun ẹṣin, kí àwọn mìíràn fi okùn fà á, láti ibì kan dé ibì kan, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n sọ fún wọn pé ẹnì kan máa ṣí agboòrùn lójijì bí ẹṣin bá ti ń kọjá. Irọ́ ni o! Wọn ò ṣí agboòrùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù ti wà lára èèyàn àti lára ẹṣin. Ọkàn àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọkàn àwọn ẹṣin náà sì sáré. Ẹṣin tí wọn ò sọ nǹkan kan fún, tí kò rí agboòrùn, ẹ̀rù ti ń bà á!

Ẹ wá fi ìyẹn wé Ojúde Ọba, níbi tí ìbọn ṣakabùlà ti ń dún gbàù, tí ìlù ń ró, tí èrò rọ́ bí omi. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé bí ẹṣin bá ta gìrì, pàṣán ni àwọn kan kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Ìwà òpè gbáà ni. Ẹṣin tí wọ́n nà nígbà tí ìbọn dún, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ìbọn bá ti dún, ìyà dé. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní í dúró gbọ́ èkejì. Ẹni tó mọ ẹṣin kọ́ kì í yin ìbọn sí i létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ariwo kékeré, oúnjẹ díẹ̀, kó fọwọ́ ra á lọ́rùn, kó máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí èyí, á sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọdún.

Ẹ rántí Farooq Oreagba, tí fọ́tò rẹ̀ gba ayé kan lẹ́yìn Ojúde Ọba 2024, nígbà tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà lóṣù keje, ọdún 2025 ṣì wà lórí ìtẹ́. Aṣọ, dígí ojú àti sìgá ńlá rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sọ. Díẹ̀ ló sọ̀rọ̀ bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó lórí ẹṣin yẹn. Lẹ́yìn náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tóun ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ fà á. Bóyá ẹni tó ti fojú kojú irú ìyẹn ni ẹṣin ò tún lè já láyà, ta ló mọ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kó mí kanlẹ̀, kó tú èémí náà jáde díẹ̀díẹ̀, kó dẹ itan, kó sì sọ fún ẹni tó di okùn ẹṣin mú pé ẹ̀rù ń ba òun. Kó sì ti lọ bá ẹṣin náà lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kí àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni, wọn ò sì parọ́: bí ẹni tó ṣubú ò bá tètè padà sórí rẹ̀, kódà kí wọ́n kàn fà á lókùn yí ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù yẹn á kọ́lé sí i láyà. Àmọ́ bí egungun bá ti kán, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù ná jàre!

Tàwọn ọmọdé ló gba sùúrù jù. Bí ọmọ bá ń sunkún pé òun ò gùn, tí bàbá rẹ̀ ń kígbe mọ́ ọn nítorí fọ́tò, igbe bàbá àti ẹkún ọmọ, ẹṣin ń gbọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ sọ ọmọ náà kalẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ẹṣin nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ jàra, aṣọ tí wọ́n sì wọ̀ kì í burú.