ÀGBÀ KÌ Í WÀ LỌ́JÀ KÍ ORÍ ỌMỌ TUNTUN WỌ́: Ọ̀rọ̀ Káńfọ̀ Inú Àpótí

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ àpótí ni. Mélòó nínú wa ni kò ní àpótí nílé? Inú rẹ̀ ni aṣọ òfì tí a fi ṣègbéyàwó wà. Inú rẹ̀ ni ọ̀já tí ìyá wa fi pọ̀n wá wà, pẹ̀lú àdìrẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ kó tó lọ. Bí a bá ṣí àpótí náà, òórùn kan ló máa kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Òórùn káńfọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn òórùn yẹn, torí ó ń rán wa létí ilé. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn gan-an lè pa ọmọ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bí ọkùnrin, abúlé ọkọ rẹ̀ la ti sọ ọmọ lórúkọ. Láti ìdájí ni iná ti ń jó lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan ń lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, àwọn kan ń ro àmàlà, gbẹ̀gìrì ń hó lórí àdògán. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù ti wà nílẹ̀ nínú àwo. Ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó yọ aṣọ òfì tí wọ́n fi gbé bàbá ọmọ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tirẹ̀. Wọ́n fi wé ọmọ. Gbogbo wa ń ṣàmín. Èmi náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ o, torí aṣọ tí ọmọ náà ti ń wọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, èmi ni mo rà á, èmi ni mo kó o sínú káńfọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, funfun ojú ọmọ ti dà bí ìyeyè. Ẹnì kan ní ká gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ẹlòmíràn ní ká fún un ní omi glukósì. Ẹlòmíràn gbé àgbo wá. A gbàdúrà, a sì ń retí. Ọjọ́ méjì lọ. Ọmọ kò mu ọmú mọ́, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, ó ń tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ wa kò tíì wo ojú rẹ̀ tó fi bèèrè pé, “Mọ́mì, ṣé òórùn káńfọ̀ kọ́ ni mo ń gbọ́ yìí?” Wọ́n gbé ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa títí dòní. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n má pa á mọ́ra.

KÍ NI KÁŃFỌ̀ Ń ṢE LÁRA ỌMỌ?
Káńfọ̀ àtijọ́, ara igi kan ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èyí tí a sábà máa ń rà lọ́jà báyìí, tó rí róbótó funfun, naphthalene ni orúkọ rẹ̀, ara ọ̀dà èédú ni wọ́n ti máa ń yọ òun. Kò sí èyí tó dára fún ọmọ ọwọ́ nínú méjèèjì. Ẹ ti rí i pé bó bá pẹ́, ṣe ló máa ń kéré sí i títí á fi tán. Kò sọnù o. Ó ti di òórùn, ó ti wọnú aṣọ. Láti inú aṣọ, ó máa ń gba imú àti awọ ara wọlé. Bí a bá fi òróró pa ọmọ lára kó tó wọ aṣọ náà, kíá ló máa wọlé.

Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa wa tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, bí káńfọ̀ bá wọ ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́, ohun kan tó ní àwọ̀ ìyeyè máa ń jáde látinú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì yẹ kó kó o dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan náà á wá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni etí dídi, arọ tàbí ikú ti ń wá. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pe àìsàn náà ní jọ́ńdíìsì, àwa ń pè é ní ibà pọ́njú.

Àìtó G6PD yìí kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà UCH n'Ìbàdàn ti ń ṣèwádìí lé e lórí. Níhìn-ín ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú ọmọkùnrin márùn-ún, nǹkan bí ẹyọ kan ló ní in. Ó máa ń dín agbára ibà ẹ̀fọn kù, ìyẹn ló fi pọ̀ lágbègbè wa. Láti ara ìyá ló ń bọ́ sára ọmọkùnrin, ìyá fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀ pé òun gbé e dání. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kì í ṣe èpè. Bí ọmọkùnrin méjì mẹ́ta bá pọ́njú lọ́wọ́ ìyá kan ṣoṣo, ẹ má sáré pè é ní àbíkú, ẹ má sì fura sí ìyálé. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

ṢÉ Ẹ̀WÀ KÒ LÉWU?
Àwọn kan ti gbọ́ pé ẹni tó ní àìtó yìí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní fava ni, tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ Lárúbáwá àti Ítálì. Ẹ̀wà olóyin wa kọ́, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà wa kọ́. Kí abiyamọ jẹun rẹ̀ ní àjẹyó. Ohun tó yẹ ká yé ṣe nínú ilé ìdáná ni káńfọ̀ tí a ń jù sínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí aáyán, níbi tí gàrí àti èlùbọ́ wà. Ọmọ tó ń rá kòrò lè rò pé súìtì ni, kó gbé e mì.

ÀMÌ TÓ YẸ KÁ MỌ̀
Ẹ gbé ọmọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, kí ẹ gbé ìka kúrò. Bí ibẹ̀ bá dà bí ìyeyè, tàbí bí funfun ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ọmọ kò bá mu ọmú, tó ń sùn ṣáá, tó ń tẹ ẹ̀yìn, ẹ má dúró di ọ̀la. Oòrùn àárọ̀ kò tó iná ilé ìwòsàn. Omi glukósì àti oògùn tí a rà lọ́wọ́ onígbá kò wo jọ́ńdíìsì. Ọjọ́ tí a bá fi wọ́n ṣòfò ni ọpọlọ ọmọ fi ń bà jẹ́.

KÍ LA Ó WÁ ṢE?
Aṣọ ọmọ tuntun kò nílò káńfọ̀ rárá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ kó o sínú ọ̀rá tó mọ́ tàbí páànù tó ní ìdérí. Ẹ má fi àtíkè tàbí ìpara oní-mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa ọmọ náà lára. Aṣọ ìdílé ńkọ́? Ẹ máa yọ wọ́n síta lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Àdìrẹ ní tirẹ̀, abẹ́ ibòòji ni, kó má baà ṣí. Bó bá jẹ́ inú káńfọ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ títí òórùn á fi tán. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kó wà léjìká àgbà tí kò ní gbé ọmọ. Àwòrán á gbé e, ìdílé á rí i, ọmọ á sì wà láyọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta aṣọ ọmọ, ẹ má ju káńfọ̀ sínú bélì yín. Ẹ̀yin tó ń ta káńfọ̀, ẹ bi oníbàárà pé, “Ṣé ọmọ tuntun wà nílé?” Ìbéèrè yẹn kò ní din owó yín kù. Lọ́dún 2008, àwọn ìjọba Yúróòpù fòfin de títà naphthalene fún lílò nínú ilé. Àwa kò gbọdọ̀ dúró de òfin kó tó di pé a ṣọ́ra.

Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kó tẹ́ ẹní. Ẹni tó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà náà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọlọ́run tó fún wa lọ́mọ ló fún dókítà lọ́gbọ́n.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun kò ní wọ́. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò lè kà á. Ọjà á tà o.