Ẹ̀rọ Ìsáré: Kí Ẹ Tó Fi Kún Eré, Ẹ Kọ́kọ́ Gun Òkè

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, iná mọ̀nàmọ́ná lọ lójijì ní ilé ìdárayá kan ní Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lórí ẹ̀rọ ìsáré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní treadmill, ó ń sá eré kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n ara ẹ̀gbọ́n mi kò dúró. Àyà rẹ̀ gbá irin iwájú ẹ̀rọ náà, ó sì fi orúnkún méjèèjì balẹ̀. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. Mo rò pé ìrora ló ń pa á lẹ́kún. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé: "Oṣù méjì gbáko ni mo ti ń sáré yìí, àbúrò mi, n kò sì fọn rárá."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e dé orí ẹ̀rọ náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá wa lọ ní Ìgbàjà, kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú ló fà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ rẹ̀ kejì, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ó ti ga ju bó ti yẹ lọ, àti pé yàtọ̀ sí oògùn tí yóò máa lò, ó gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Bí ó ti jáde ní ilé ìwòsàn ni ó gba ilé ìdárayá lọ. Ìbẹ̀rù ló ń lé e sáré.

Àṣìṣe tí ó ṣe kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí ọ̀pọ̀ wa bá gun ẹ̀rọ ìsáré, bọ́tìnì eré ni ojú wa ń lọ bá. A rò pé ẹni tó bá sáré jù ni yóò kọ́kọ́ fọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúnkún á máa ro wá, àárẹ̀ á mú wa, a ó sì pa ẹ̀rọ tì. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnì kejì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Bọ́tìnì méjì, iṣẹ́ méjì

Bọ́tìnì kìíní ń pàṣẹ bí bẹ́líìtì abẹ́ ẹsẹ̀ wa yóò ti yára tó. Ìyára ni èyí. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi kìlómítà kà á, àwọn mìíràn ń fi máìlì kà á, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa. Máìlì kan ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Bọ́tìnì kejì ń gbé iwájú ẹ̀rọ sókè, kí ojú rẹ̀ lè dagẹ̀rẹ̀ bí ọ̀nà tó gun òkè. Èyí ni n ó máa pè ní ìgòkè. Bí ẹ bá rí 5 níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá rin mítà 100, ẹ ti gòkè mítà 5. Bí ẹ bá rí 10, mítà 10 ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n. Ní Ọ̀wá-Kájọlà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tí Ìgbàjà náà wà, omi Òwu ń já wálẹ̀ láti orí àpáta tí wọ́n ń ka gíga rẹ̀ sí nǹkan bíi mítà 120. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn lórí ẹ̀rọ, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 5 ní wákàtí kan, tí ìgòkè rẹ̀ sì jẹ́ 5, yóò ti gòkè mítà 125. Ó ti gun omi Òwu láti ìsàlẹ̀ dé òkè nìyẹn, láì sáré rárá. Bí ó bá gbé ìgòkè dé 10, ó ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Gbígbé ara wa sókè báyìí ló ń jẹ agbára. American College of Sports Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìlera àti eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ní ìlànà ìṣirò kan tí a fi ń díwọ̀n agbára tí ara ń ná lórí ẹ̀rọ yìí. Mo fi ìlànà náà ṣírò fún ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 70, tó rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìyára kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, yóò ná nǹkan bíi kálórì 125. Bí ìgòkè bá jẹ́ 5, yóò ná bíi 200. Bí ó bá jẹ́ 10, yóò ná bíi 280. Ẹni tó sáré kìlómítà 8 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún àkókò kan náà yóò ná bíi 320. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń rìn gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tó ń sáré dọ́gba. Àròdíwọ̀n ni gbogbo rẹ̀, ara kò sì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ́ka sí kò yí padà.

Ìyàtọ̀ ńlá kan tún wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó ń sáré ń fò díẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀, bí ó bá sì ti balẹ̀, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ló ń gba ìlù náà. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti wúwo, ìlù ọ̀hún kì í ṣe kékeré.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni

Ẹ̀rọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdárayá. Ní ọdún 1818, William Cubitt, ẹnjiníà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àgbá ńlá kan tó ní àtẹ̀gùn lára fún àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n á máa gun àtẹ̀gùn náà, àgbá á máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn kò sì ní dé òkè láéláé. Wọn kì í sáré níbẹ̀. Ìgòkè tí kò lópin ni ìyà náà. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 1898 ni wọ́n fi pa á rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn dókítà ọkàn náà mọ agbára ìgòkè. Ní ọdún 1963, Robert Bruce gbé ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà fún yíyẹ ọkàn aláìsàn wò lórí ẹ̀rọ, títí di òní ni wọ́n sì ń lò ó. Ìyára ìpele kìíní kò ju kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan lọ, bí ẹni ń najú, ṣùgbọ́n ìgòkè rẹ̀ jẹ́ 10. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyára á di 4, ìgòkè á di 12. Bruce kò nílò kí aláìsàn sáré kí ọkàn rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Òkè ló ní kí ó gùn.

Láìpẹ́ yìí, arábìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lauren Giraldo, sọ ìlànà tirẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí YouTube àti TikTok: ìgòkè 12, ìyára máìlì 3 ní wákàtí kan, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló tẹ̀ lé e. Ìlànà náà ní làákàyè nínú, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ranti ìpele kejì Bruce, 12 náà ni ìgòkè rẹ̀, ìyára rẹ̀ kò sì tó ti Giraldo. Ìyẹn ni dókítà fi ń dán ọkàn wò!

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Nígbà tí orúnkún ẹ̀gbọ́n mi san, tí dókítà rẹ̀ sì ti ní kò séwu, ó padà sórí ẹ̀rọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyára rẹ̀ kò ju 4 lọ, ìgòkè rẹ̀ jẹ́ 2, ogún ìṣẹ́jú péré ló sì ń lò. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ìgòkè sí 3, ó tún gbé e sí 4. Ìgbà tí ara rẹ̀ gba ìyẹn ni ó tó fi díẹ̀ kún ìyára. Òfin tí ó fi de ara rẹ̀ ni pé òun kò ní yí bọ́tìnì méjèèjì padà lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti ń rin ìyára 5 ní ìgòkè 6, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 nìyẹn, ó sì bá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ ní ọdún 2020 mu: ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà.

Ẹ fi nǹkan mélòó kan sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má di irin iwájú ẹ̀rọ mú bí ẹ ti ń gòkè. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ irin ti gbé apá kan ìwúwo ara rẹ̀ lé e lórí, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á máa sọ̀rọ̀ òkè, ara á sì máa ṣe iṣẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá lè rìn láì dì í mú, ẹ dín ìgòkè kù.

Ẹ fi ohùn yín díwọ̀n ara yín. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ibi tó yẹ lẹ wà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lè jáde mọ́, ó ti pọ̀ jù. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì wá dókítà.

Ẹ so okùn ìdáàbòbò ẹ̀rọ mọ́ aṣọ yín, ẹ má sì gbàgbé irú ìlú tí a ń gbé. Okùn kò lè sọ fún yín pé iná fẹ́ lọ. Bí bẹ́líìtì bá dúró lójijì, ẹni tó ń rìn á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sì tún dúró. Ẹni tó ń sáré á ṣubú bí ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ìgòkè náà ní ibi tí ó ti ń ni ara lára: iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, iṣan gìgísẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ na àwọn iṣan wọ̀nyí lẹ́yìn ìrìn, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn lórí ojú títẹ́jú kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti aláboyún, kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ẹnu ń ba iṣẹ́ ẹsẹ̀ jẹ́

N kò ní tàn yín. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, oníwọ̀n 50cl, ní tó kálórì 200 nínú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ fi gun omi Òwu nìyẹn, ìṣẹ́jú méjì lẹ ó sì fi mu ún tán. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń sáré, ìgò kan ni ó máa ń rà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdárayá, ó ní òun ń fi gba ara òun níyànjú. Omi tútù ló fi rọ́pò rẹ̀, ó sì dín òkèlè alẹ́ kù. Mo gbà pé àyípadà yìí ṣe iṣẹ́ tó tó ti ẹ̀rọ.

Òkè tí a kì í sanwó fún

Ní ọdún Kérésìmesì, a lọ sílé. Kò sí ẹ̀rọ ìsáré ní ilé wa ní Ìgbàjà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń dààmú pé òun yóò pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ilé wa tó dagẹ̀rẹ̀ lọ sí oko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gùn ún dé òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Màmá wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó.

"Ọmọ mi, ṣé irú èyí ni o ń sanwó fún ní Ìlọrin?"

"Òun ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ kò ní ìsọ̀kalẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ ń gbé wa gòkè nìkan. Òkè Ọlọ́run ní ìsọ̀kalẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló sì ń ni orúnkún lára. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ìgbésẹ̀ kúkúrú sọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òkè kò nílò iná, kò nílò owó oṣooṣù.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá náà so ìró wọn le, wọ́n bá a lọ. Wọn kò dé òkè pátápátá lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró ní ìdajì ọ̀nà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Bàbá yín kì bá ti rin èyí pẹ̀lú mi." Kò sí ẹni tó fèsì nínú wa.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì di òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Aṣọ ìró tí kò ká a mọ́ lẹ́yìn ìbímọ ti ń ká a, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ síbẹ̀ bí dókítà ti wí. Màmá fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ti ń dé òkè báyìí, láì dúró lọ́nà.